Iná lọ, iná dé: áàpù wo ni kí ẹ fi ṣe keyframe fún effect?

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Yábàá gbé laptop rẹ̀ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Iṣẹ́ tí mo fún un kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lọ: ìyá alákàrà kan jókòó lábẹ́ gílóòbù lálẹ́, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbéra, iná padà dé. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rìn. Gbogbo ìtàn náà dá lórí effect kan ṣoṣo, ìyẹn glow, ìtànṣán tó yí gílóòbù náà ká.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Iná tìẹ yìí ti ń ṣàìsàn kí wọ́n tó mú un lọ."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fi keyframe sí i o. Ẹ wò ó níbí."

Keyframe, ìyẹn àmì tó ń sọ iye tí nọ́ńbà kan máa jẹ́ lórí fréèmù kan, wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀kan wà ní fréèmù 0 (fréèmù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó tò tẹ̀ léra di fíìmù), ó ní kí iná tàn dáadáa. Èkejì wà ní fréèmù 31, ó ní kí iná wálẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni èyí tí yóò di iná náà mú láàárín. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé a fẹ́ kí iná dúró gbọn-in fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó já. Ó rí ìmọ́lẹ̀ níbí, ó rí òkùnkùn lọ́hùn-ún, ó sì pín ọ̀nà tó wà láàárín wọn lọ́gbọọgba. Iná Èkó kì í kú bẹ́ẹ̀. Tiwa, jíjá ló máa ń já.

Mo ní kó fi keyframe kan sí fréèmù 30, kó gbé nọ́ńbà tó wà ní 0 sí i. Ó ṣe é, iná já bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi mí lẹ́yìn ìyẹn ló bí ohun tí mò ń kọ yìí: "Ẹ̀gbọ́n, ká ní áàpù mìíràn ni mo lò ńkọ́, ṣé kò ní jẹ́ kí n ṣe àṣìṣe yẹn?"

Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ti orí áàpù kan bọ́ sórí òmíràn, nígbà mìíràn torí owó, nígbà mìíràn torí pé irú fáìlì kan ni oníbàárà fẹ́ gbà. Gbogbo wọn ló ní blur tó ń sọ àwòrán di bàìbàì, gbogbo wọn ló sì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe glow. Ẹni tó bá ń ka iye effect tó wà nínú áàpù kó tó yàn án, ìkòkò ló ń kà nílé olóúnjẹ, kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an ni ìgbà tí ọwọ́ yín bá kan nọ́ńbà: ṣé áàpù náà á kọ ọ́ sílẹ̀ láìbéèrè, ṣé á dúró de àṣẹ, àbí á gbàgbé?

Iṣẹ́ tí mo fi dán wọn wò

Iṣẹ́ alákàrà yìí náà ni mo gbé lé gbogbo wọn lọ́wọ́. Fréèmù 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí tẹlifíṣàn ilẹ̀ wa ṣe ń lò ó, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin jẹ́ fréèmù 100. Nọ́ńbà tí à ń yí ni agbára glow. Láti 0 dé 30 ó dúró lórí 1.0. Ní 31 ó já sí 0.2. Ní 33 ó ta padà sí 0.8, bí ìgbà tí iná bá fẹ́ tàn wá jẹ. Ní 35 ó di 0, òkùnkùn sì gba gbogbo rẹ̀ títí dé 70. Ní 70 jẹnẹrétọ̀ gbéra pẹ̀lú 0.3, ó gòkè dé 1.2 ní 85, ó rọlẹ̀ sí 0.9 ní 92, ó wá dúró síbẹ̀.

Oríṣi ìrìn méjì ló wà nínú ìyẹn. Láti 30 dé 70, fífò ni nọ́ńbà ń fò. Ó wà lórí 0.2, ó kàn di 0.8 ni, kò gba àárín kọjá. Láti 70 lọ, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń fọwọ́ ya àwòrán láyé àtijọ́ mọ ìyàtọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ọ̀gá ló ń ya àwọn ìdúró pàtàkì, èyí tí wọ́n ń pè ní key, á wá gbé ìwé fún ọmọṣẹ́ kó ya gbogbo èyí tó wà láàárín. Iṣẹ́ ọmọṣẹ́ yẹn ni kọ̀ǹpútà gbà ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ kò láròjinlẹ̀: ohun tí ẹ kò bá sọ fún un, kò lè rò ó.

After Effects: ẹ ṣọ́ra fún aago kékeré yẹn

Nínú After Effects, aago kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sẹ́tíǹgì kọ̀ọ̀kan tó ṣe é fi keyframe sí. Glow Threshold ní tirẹ̀, Glow Radius ní tirẹ̀, Glow Intensity ní tirẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì tẹ aago náà, nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá yí, ó yí fún gbogbo fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, keyframe àkọ́kọ́ á bọ́ síbi tí ẹ wà lórí timeline, ìlà àkókò fíìmù náà. Láti ìgbà yẹn lọ, ibikíbi tí ẹ bá ti yí nọ́ńbà yẹn, áàpù á fi keyframe tuntun síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní béèrè lọ́wọ́ yín.

Ó rọrùn bẹ́ẹ̀, ó sì léwu bẹ́ẹ̀. Ẹ lè kàn fẹ́ wo bí glow ṣe máa rí tó bá tóbi sí i, ẹ fà á, ẹ dá a padà, ẹ ti fi keyframe tí ẹ kò fẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó tún wá burú ju ìyẹn lọ ni títẹ aago náà lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń rò pé bí wọ́n bá tún un tẹ̀, keyframe mìíràn ló máa wọlé. Rárá o. Gbogbo keyframe tó wà lórí sẹ́tíǹgì yẹn ló máa pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní bi yín bóyá ó dá yín lójú. Ctrl+Z nìkan ló lè gbà yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè rí i kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn lé e lórí. Dáyámọ́ńdì tó wà lápá òsì timeline, láàárín ọfà méjì, ni ẹ máa tẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ fi keyframe kún un.

Fún apá tó ń fò, mo yan keyframe 30 sí 35, mo tẹ Ctrl+Alt+H. Àmì wọn yí padà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn di gígún bí ẹ̀gbẹ́ páálí, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Fún apá tó ń gòkè, mo yan 70, 85 àti 92, mo tẹ F9, ìrìn wọn rọ̀. Bí ìrọ̀rùn yẹn kò bá tó, ẹ ṣí Graph Editor kí ẹ fa ìlà rẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Lẹ́tà U tún wà o. Ẹ yan layer kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ìpele àwòrán tó lé ara wọn, ẹ tẹ U, gbogbo sẹ́tíǹgì tó ní keyframe á jáde síta, ìyókù á sá pamọ́. Tí fáìlì ẹlòmíràn bá dé ọwọ́ mi, U ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò tíì rí áàpù tó ṣe é wẹ́rẹ́ tó o. Iná jẹnẹrétọ̀ máa ń gbọ̀n díẹ̀. Ẹ di Alt mú, ẹ tẹ aago Intensity, ẹ kọ wiggle(8, 0.15), iná á máa gbọ̀n bí ìgbà mẹ́jọ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, 0.15 sì ni ìwọ̀n gbígbọ̀n náà, láìfi keyframe kankan kún un. Àmọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ìtànṣán ń gbọ̀n nínú òkùnkùn, láàárín 35 sí 70 tí kò yẹ kí iná wà rárá. Wiggle kò mọ ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Mo wá fi Slider Control, nọ́ńbà kan tó ṣe é fà, sórí layer náà, mo fi í rọ́pò 0.15, mo fi keyframe tó ń fò sí Slider náà: 0 títí dé fréèmù 69, 0.15 láti 70.

Nǹkan méjì ni mo ní sí i. Àkọ́kọ́, glow nìkan ni glow. Gílóòbù kú, ṣùgbọ́n ojú ìyá alákàrà ṣì ń dán bí ọ̀sán. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé adjustment layer, ìyẹn layer tí effect rẹ̀ ń kan gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, lé gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi Exposure tó ń yí ìmọ́lẹ̀ àwòrán sí i, kí ẹ wá fi keyframe sí òun náà ní àwọn fréèmù kan náà. Bí ẹ bá sún ọ̀kan tí ẹ gbàgbé èkejì, ojú á kọ́kọ́ ṣókùnkùn kí gílóòbù tó kú. Èkejì ni owó. Oṣooṣù tàbí ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á, a sì mọ bí iye rẹ̀ ṣe ń rí tí wọ́n bá ṣírò dọ́là sí náírà. RAM 16 GB ni wọ́n ní ó kéré jù, 32 ni wọ́n sì dámọ̀ràn. Láti 1993 ló ti wà, Adobe sì ti ní in láti 1994, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ fún ohunkóhun tí ẹ bá wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Blender: àwọ̀ ló fi ń bá yín sọ̀rọ̀

Kò sí aago nínú Blender. Ẹ gbé máòsì sórí nọ́ńbà, ẹ tẹ I, keyframe ti wọlé nìyẹn. Fún àpótí nọ́ńbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ló rí: ìwọ̀n blur, àwọ̀, agbára iná, ohun tí ó lè yí padà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí tí kì í gbà á.

Ẹ wá máa wo àwọ̀ àpótí náà. Tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, keyframe wà lórí fréèmù tí ẹ wà yìí gan-an. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, keyframe wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí. Tó bá di àwọ̀ ọsàn, ẹ ti yí nọ́ńbà náà, ẹ kò sì tíì tẹ I. Àwọ̀ ọsàn yẹn ló ń ba ti àwọn tó ti After Effects wá jẹ́. Wọ́n á fa nọ́ńbà náà síbi tó dùn mọ́ wọn, wọ́n á sún sí fréèmù tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà á padà sí ti tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. After Effects kọ ọ́ sílẹ̀ láìbéèrè, Blender gbàgbé rẹ̀ láìbéèrè. Tèmi ni pé mo fara mọ́ onígbàgbé yìí. Ó lè jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò ní fi keyframe tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀ sí mi lórí timeline.

Ibi tí Blender ti na gbogbo wọn lórí iṣẹ́ alákàrà yìí ni pé n kò ní láti fi keyframe sí glow rárá. Mo gbé iná gidi, irú tó ń tàn sára ohun tó yí i ká, sínú gílóòbù, mo fi keyframe sí Power rẹ̀, tó jẹ́ pé Watt ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. (Watt ti Blender kì í ṣe Watt tó wà lára páálí gílóòbù o. Ẹ fi 60 sí i, ẹ máa rí i pé ó lè má tó yín.) Bí Power ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ojú ìyá náà ń ṣókùnkùn, epo tó ń hó ń ṣókùnkùn, àkàrà ń ṣókùnkùn, effect tó ń jẹ́ Glare nínú Compositor, ibi tí Blender ti ń tún àwòrán tó ti yà ṣe, sì ń rí i pé kò sí ìmọ́lẹ̀ tó ga mọ́, òun náà ń pa ìtànṣán rẹ̀. Sẹ́tíǹgì kan ṣoṣo ni mo fi keyframe sí, ìyókù tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fi Exposure àti glow ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ni níbí.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀kọ́ àtijọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ fídíò ló ṣì ń ní kí ẹ lọ tẹ Bloom, glow ti tẹ́lẹ̀, nínú sẹ́tíǹgì EEVEE, ọ̀kan lára ohun tí Blender fi ń ya àwòrán. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láti ẹ̀dà 4.2 tó jáde ní oṣù keje 2024. Glare ni ẹ máa lò báyìí. Ọmọ tí mò ń sọ yìí wá Bloom fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan, ó sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Fún fífò, ẹ yan keyframe nínú Dope Sheet tàbí Graph Editor, ẹ tẹ T, ẹ mú Constant. Bezier, ìrìn tó rọ̀, ni ó máa ń fún yín bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Irú ìrìn tí ẹ bá fún keyframe kan, ti ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ẹ̀yìn. Nítorí náà 30, 31, 33 àti 35 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ Constant, kí ẹ sì fi 70 sílẹ̀ lórí Bezier. Fún gbígbọ̀n, Graph Editor ní Modifier tó ń jẹ́ Noise, tó sì gbà kí ẹ sọ fún un pé láti fréèmù báyìí dé báyìí ni kó ṣiṣẹ́. Kò sí pé ó ń gbọ̀n nínú òkùnkùn.

Fréèmù 24 ni Blender máa ń gbé wá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Ẹ yí i sí 25 kí ẹ tó fi keyframe kankan. Orí nọ́ńbà fréèmù ni keyframe tirẹ̀ so mọ́, nítorí náà bí ẹ bá yí i lẹ́yìn iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á yára tàbí kó falẹ̀ ju ohùn tí ẹ ti gbé sábẹ́ rẹ̀ lọ. Ti After Effects, àkókò ni keyframe rẹ̀ so mọ́, ìyẹn kì í sún.

Owó kò sí níbẹ̀. Láti 2002 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù àwọn ará Latvia tó gba Oscar fún fíìmù eré àwòrán ní 2025, Blender ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé tálákà nìkan ló ń lò ó.

DaVinci Resolve

Èyí kò ní pẹ́ púpọ̀. Bí ẹ bá ti ń fi Resolve gé fídíò tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní láti kúrò níbẹ̀, ojú ewé Fusion, ibi iṣẹ́ effect, wà nínú rẹ̀. SoftGlow ni mo lò, dáyámọ́ńdì kékeré tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún Gain, agbára glow rẹ̀, ni mo tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bíi ti After Effects, gbogbo yíyí tí ẹ bá yí i di keyframe. Ṣùgbọ́n kò sí aago tó ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójijì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Spline Editor rẹ̀ dára, mo tilẹ̀ fẹ́ràn bó ṣe ń jẹ́ kí n gbé ìlà Gain àti ìlà ìmọ́lẹ̀ lé ara wọn kí n lè rí i pé ibì kan náà ni wọ́n ti já. Fún gbígbọ̀n, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ sẹ́tíǹgì náà, ẹ wá Modify With, ẹ mú Shake tàbí Perturb.

Ọ̀fẹ́ ni, àyàfi pé àwọn effect kan wà fún àwọn tó ra Studio nìkan. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ lò ó, wọ́n á sì tẹ àmì wọn sójú àwòrán yín. Ìṣòro gidi ni ẹ̀rọ: RAM 32 GB ni wọ́n béèrè fún Fusion. Lórí 8 GB, kí ẹ tó rí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin yẹn kó ṣeré tán, àkàrà gidi ti jiná.

Synfig, àti ìdáhùn tí mo fún ọmọ náà

Inú Synfig ni mo ti rí ohun tó sún mọ́ ìbéèrè rẹ̀ jù. Àwòrán ènìyàn kékeré kan wà nísàlẹ̀ ojú iṣẹ́, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìlà pupa á yí gbogbo ojú iṣẹ́ ká. Nígbà tí ìlà pupa yẹn bá wà níbẹ̀, ohunkóhun tí ọwọ́ yín bá kàn, sẹ́tíǹgì yòówù kó jẹ́, ó ti wọ ìwé. Kì í ṣe sẹ́tíǹgì kan bíi ti aago, gbogbo ilé ni. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, tí ẹ wá ń tún àwọ̀ aṣọ ìyá alákàrà ṣe, aṣọ náà á máa pàwọ̀ dà nínú fíìmù.

Orúkọ wọn ló máa dà yín láàmú. Ohun tí àwọn yòókù ń pè ní keyframe, waypoint ni Synfig ń pè é. Keyframe ti Synfig jẹ́ nǹkan mìíràn: òpó kan tó di gbogbo àwòrán mú lórí fréèmù kan. Bí ẹ bá ri òpó yẹn sí 30, tí ẹ sì ti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pa (pípa ni ẹ máa bá a bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án), ohun tí ẹ bá yí ní 31 kò ní lè ti òpó náà kọjá sẹ́yìn. Iná kò ní ṣàìsàn. Ẹ̀yin náà lẹ ṣì máa fọwọ́ ara yín ri òpó yẹn o, kò sí áàpù tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa mú iná lọ. Ṣùgbọ́n òpó kan ṣoṣo á di glow, blur àti àwọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí After Effects ti máa gba keyframe mẹ́ta lọ́wọ́ yín.

Glow tí a kàn máa fà jáde kò sí nínú rẹ̀. Mo fi Radial Gradient ṣe ìtànṣán, mo sì fi waypoint sí bó ṣe ń hàn tó. Ó ṣiṣẹ́, ó sì ṣiṣẹ́ lórí laptop tí àwọn yòókù kọ̀ láti ṣí lórí rẹ̀. Ó máa ń kú lójijì nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ máa fi iṣẹ́ pamọ́ lemọ́lemọ́.

OpenToonz náà wà ní àdúgbò yìí, ó ti di ọ̀fẹ́ láti 2016, keyframe sì wà fún sẹ́tíǹgì effect rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi ń ya fréèmù kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ wò ó. Fún ẹni tó jẹ́ pé effect nìkan ló wá ṣe, ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Fóònù ńkọ́?

Mo mọ àwọn tó máa ń fi fóònù ṣẹ̀sín. Mi ò sí lára wọn mọ́ láti ìgbà tí mo ti rí ọmọbìnrin kan tó parí ìpolówó fún oníṣòwò àǹkárá kan ní Ìdúmọ̀tà, nínú BRT, láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Alight Motion ló lò. Keyframe wà fún gbogbo sẹ́tíǹgì effect nínú rẹ̀, ìlà ìrìn tó ṣe é fà wà láàárín keyframe kan sí èkejì, èyí tí ọ̀pọ̀ áàpù fóònù kì í fúnni.

Ibi tó ti le ni 31, 33 àti 35. Ìka ọwọ́ nípọn ju fréèmù méjì lọ. Ẹ fẹ́ gbé keyframe sí 33, ó bọ́ sí 34, ẹ sún un, ó fò lọ sí 31. Ẹ fẹ timeline náà kó gbòòrò dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì rí ọ̀nà tí nọ́ńbà fi lè fò, ọgbọ́n àtijọ́ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo áàpù ayé: ẹ fi keyframe méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan gbé nọ́ńbà àtijọ́, èyí tó tẹ̀ lé e gbé tuntun. Fréèmù kan ṣoṣo kò tó fún ojú láti rí ọ̀nà tó gbà. Ti ọ̀fẹ́ máa ń tẹ àmì áàpù sójú fídíò, oníbàárà á sì bi yín léèrè nípa rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ lóòótọ́, fóònù ló máa ń wà láyé jù.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Áàpù | Bí keyframe ṣe ń wọlé | Ibi tó ti máa ń dunni |
|---|---|---|
| After Effects | Ẹ tẹ aago lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀ | Ẹ tún aago tẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ. Owó oṣooṣù |
| Blender | Máòsì lórí nọ́ńbà, ẹ tẹ I, ní gbogbo ìgbà | Àwọ̀ ọsàn tí ẹ kò kíyè sí |
| Resolve (Fusion) | Ẹ tẹ dáyámọ́ńdì lẹ́ẹ̀kan | RAM |
| Synfig | Ìlà pupa, ohun gbogbo ló ń kọ | Ẹ gbàgbé láti pa á. Orúkọ tó dàrú |
| Alight Motion | Ẹ tẹ dáyámọ́ńdì lórí sẹ́tíǹgì kọ̀ọ̀kan | Ìka ọwọ́. Àmì lójú fídíò |

Bí ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́ bá ń fi fáìlì After Effects ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ lọ kọ́ ọ, kí ẹ sì kọ́ U àti Ctrl+Alt+H kí ẹ tó kọ́ ohun mìíràn. Bí ẹ bá dá dúró, tí laptop yín sì ní RAM 8 tàbí 16, Blender ni mo máa fi lé yín lọ́wọ́, pàápàá bí effect náà bá jẹ mọ́ iná, òjìji tàbí kùrukùru, nítorí á máa ṣe ìdajì iṣẹ́ fún yín. Fún laptop tó ti dàgbà, Synfig. Fún ẹni tó ti ń fi Resolve gé fídíò, kó dúró síbẹ̀, kó dé Computer Village n'Ìkẹjà kó fi RAM kún ẹ̀rọ rẹ̀, kó sì ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà níwájú òun kó tó sanwó. Mo ti ra RAM kan rí níbì kan tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú òun.

Ohun kan kù tí kò kan yíyàn, ṣùgbọ́n tó kan Èkó. Nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ńdà, ìyẹn nígbà tí áàpù bá ń sọ iṣẹ́ yín di ohun tí a lè wò, ẹ má rẹ́ńdà tààrà sí fídíò. Ẹ rẹ́ńdà sí àwòrán PNG, fréèmù kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, kí ẹ tó wá kó wọn pọ̀. Fídíò tí iná bá já lé lórí lè ṣàì ṣí mọ́ rárá, ṣùgbọ́n PNG tó ti jáde ti jáde nìyẹn. Nínú Blender, ẹ yọ àmì kúrò lójú Overwrite nínú sẹ́tíǹgì Output, kó lè fo àwọn èyí tó ti wà.

Blender ni ọmọ náà padà fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí à ń rẹ́ńdà, wọ́n mú iná lọ, bátìrì laptop rẹ̀ sì ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí iná dé, a ṣí fódà. Fréèmù 62 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí, ààbọ̀ ló jáde. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, inú òkùnkùn tiwọn náà ni wọ́n wà." Ó pa 62 rẹ́, ó tẹ bọ́tìnì, ó ń bá a lọ láti ibẹ̀.